Àná Kò Gbọ́dọ̀ Wọ Ilé Mi

Ike kékeré náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tó fi lẹ̀ mọ́ ìka Baba Akíyèsí nígbà tó yọ ọ́ nínú fírísà. Wàrà ọmú ló wà nínú rẹ̀, ó ti dì gbagidi bí òkúta. Pílásítà funfun kan wà lára ike náà, ẹnì kan sì ti fi máákà dúdú kọ lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà sí i: ANA.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un," ni Kọ́púrù wí lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin alágbára ni Kọ́púrù, ó ti bá olè jìjàkadì nínú gọ́tà rí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló dúró sí, kò sún mọ́ fírísà. "Ara mi ò gbà á."

"Ara rẹ ò gba wàrà?"

"Wàrà òkú, sà. Wàrà òkú ni ara mi ò gbà."

Baba Akíyèsí kò dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n eṣinṣin kò lè bà níwájú rẹ̀ kí ó má mọ ibi tó ti fò wá. Ó dá ike náà padà, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe to inú fírísà náà.

Ẹni tó tò ó, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìlà lẹ́yìn ìlà, gbogbo ike ló kọjú síta. Lára àwọn tó wà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ pé sára pílásítà kọ̀ọ̀kan: ÒWÚRỌ̀, ỌJỌ́ AJÉ. ÌRỌ̀LẸ́, ỌJỌ́RÚ. Déètì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà iwájú nìkan ló yàtọ̀. ANA, ANA, ANA, láìsí ọjọ́, láìsí déètì. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ inú ilẹ̀kùn fírísà náà, òtútù ti jẹ ẹ́ létí: ÈYÍ TÓ PẸ́ JÙ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ MÚ. OHUN TÍ KÒ BÁ NÍ ORÚKỌ LÁRA KÒ GBỌ́DỌ̀ WỌLÉ SÍBÍ.

"Ìyàwó mi ló kọ ìyẹn," ni baálé ilé wí.

Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé aago ló ń tún ṣe. Láti pálọ̀ ni a ti ń gbọ́ àwọn aago náà, ti ara ògiri, ti orí tábìlì, ti ọwọ́, gbogbo wọn ń dún kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́, kò sì sí méjì tó sọ àkókò kan náà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò tíì tún ọ̀kankan ṣe kí ó bá èkejì mu. Olùkọ́ ni obìnrin náà. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ parí, ó ń fún wàrà sínú ike kí ó tó lọ síléèwé, kí ọmọ lè rí mu. Ẹ̀fọ́rí ló ṣe bí eré bí eré, ó gbé e lọ. Oṣù méjì ti kọjá báyìí. Wàrà inú fírísà yẹ kí ó ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n kò dín.

"Ẹ wò ó fúnra yín, ọ̀gá," ni Aláago wí. Ojú rẹ̀ pọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù játijàti. "Wàrà àná. Ta ló fún un lánàá? Ní àràárọ̀ ni omi máa ń kán sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wá síbí, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Mo tún máa ń gbọ́ òórùn ìpara rẹ̀. Ìpara rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti ẹlòmíràn."

"Ṣé ìkọ̀wé rẹ̀ nìyí?"

"Máákà rẹ̀ ni. Pílásítà rẹ̀ ni. Inú dúrọ́ọ̀ yẹn ló ń kó wọn sí."

"Mi ò bi ọ́ léèrè máákà."

Aláago wo ilẹ̀. "Ó jọ ọ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Bí o bá gbà pé òkú ló ń gbé wàrà wá, kí ló dé tí o fi ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin tó ń bá ọ tọ́jú ọmọ?"

"Lọ́sàn-án, mo máa ń rò pé òun ni. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, tí mo bá rí omi yẹn, mi ò mọ ohun tí mo ń rò mọ́." Ó fọwọ́ nu ojú. "Èyí ó wù ó jẹ́, kí oòrùn òní tó wọ̀, n ó da gbogbo rẹ̀ nù. Tìyàwó mi, tiwin, gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ọmọ mi ń mu mọ́."

"Kí ni yóò wá máa mu?"

"Wàrà inú agolo."

"Ṣé ó ń gbà á?"

Láti inú yàrá ni ìyá Aláago ti dáhùn, ohùn àgbàlagbà tí kò wá ojú rere ẹnikẹ́ni: "Bíbì ló ń bì í! Ọjọ́ mélòó ló bì í títí ojú rẹ̀ fi wọnú? Ṣe ni kó máa dà á nù. Ẹni tó da oúnjẹ ọmọ nù ló máa gbé ọmọ tí ebi ń pa jó o."

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ọmọ náà ti sunkún títí omijé fi tán, ìbínú ló kù.

"Wọ́n ní mo ń fi wàrà tí kò mọ́ kún ti ọmọ," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò mí. Èmi tí mi ò tíì bímọ, níbo ni n ó ti rí wàrà? Ṣé etí ni n ó ti fún un ni?"

Kọ́púrù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ipò rẹ̀, ó wúkọ́.

"Wọ́n bá pílásítà nínú báàgì rẹ," ni Baba Akíyèsí wí. "Irú èyí tó wà lára ike gan-an."

Ọmọbìnrin náà na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. Pílásítà yí i ká, ó ti dọ̀tí. "Ọ̀bẹ ló gé mi. Inú dúrọ́ọ̀ ni mo ti mú un. Tó bá jẹ́ pé ọ̀ràn ni, ẹ gé ìka náà."

Baba Akíyèsí jókòó síwájú rẹ̀. "Sọ fún mi bí o ṣe ń mú wàrà nínú fírísà."

"Bí àǹtí ṣe kọ́ wa ni. Iwájú ni a ti ń mú, torí iwájú ni èyí tó pẹ́ jù wà. Ẹ̀yìn ni tuntun ń gbà wọlé. Ohunkóhun tí kò bá ní orúkọ lára, kó má wọbẹ̀. Wọ́n tò wá dúró síwájú fírísà bí ọmọ kíláàsì wọn, èmi, bàbá ọmọ àti màmá àgbà. Màmá àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn fẹ́ fi wàrà ṣe ìdánwò."

"Àwọn tí wọ́n kọ ANA sí ńkọ́? Ibo lo ti ń bá wọn?"

"Iwájú, sà. Iwájú ni wọ́n máa ń wà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo, ike bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ń ké, mo sì fún un. Ó mu ún tán, ó gùfẹ̀, ó sì wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín." Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ gbá apá rẹ̀ mọ́ra. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, sà."

Nígbà tí wọ́n jáde, Kọ́púrù ní, "Ọ̀gá, kò jọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ọmọ ọwọ́ ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó mọ̀," ni Baba Akíyèsí wí. "Ronú sí èyí ná. Tuntun ni wàrà ANA, ẹ̀yìn ló yẹ kí ó wà. Ta ló ń gbé e síwájú?"

"Ẹni tí kò mọ òfin fírísà."

"Tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó mọ̀ pé iwájú ni ọmọbìnrin yìí ti ń mú. Bí ó bá ti ń gbé tuntun síwájú, kò sẹ́ni tí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn láéláé. Ìdí nìyẹn tí ti olóògbé kò fi dín. Ẹnì kan ń fi ANA dí ọ̀nà wọn."

*

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n padà. Ìyá Aláago wà nílé ìdáná, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń mi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ìyẹn kọ́kọ́ ya Baba Akíyèsí lẹ́nu. Kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ yìí. Ẹni yòówù kó máa gbé wàrà náà wá, kò fẹ́ ibi sí i.

"Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú."

"A kì í kú ìtọ́jú ọkọ ẹni, ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọkọ mi ni," ni ó wí, ó sì gbá ìdí ọmọ náà pẹ́pẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé ìyàwó ilé yìí ló ń padà wá?"

"Ìyá tó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, ṣé ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ níbi tó wà?"

"Ìbéèrè lẹ fi dá ìbéèrè lóhùn, mà."

"Ìyẹn ni mo ní."

Baba Akíyèsí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ipa omi àárọ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó fi àmì funfun sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ìkán kan lẹ́yìn òmíràn, láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn títí dé ìdí fírísà. Ó tẹ̀ lé wọn lọ. Ó tún tẹ̀ lé wọn bọ̀. Ó wá dìde, eékún rẹ̀ dún.

"Kọ́púrù, kí lo rí?"

"Omi tó gbẹ, sà."

"Ó wọlé, kò jáde. Bí òkú bá ti ìta wá gbé wàrà sílẹ̀, ó yẹ kí ó padà síbi tó ti wá, kí omi sì kán tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé èyí wá, nígbà tó dé ìdí fírísà, ó ti délé ni."

Ìyá Aláago dẹ́kun ara mímì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, báàgì aláwọ̀ búlúù kan wà lórí ìṣó, irú èyí tí a fi ń gbé ohun tútù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Baba Akíyèsí rí i. Ìyá náà sì rí i pé ó ti rí i.

*

Ó kù kí Aláago fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọlọ́pàá. Ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀ ni wọ́n jókòó sí, láàárín àwọn aago tí wọ́n ti tú inú wọn síta. Kọ́púrù ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ta lò ń bá jà?" ni Baba Akíyèsí bi í.

"N kò bá ẹnikẹ́ni jà, àfi àwọn ará ilé ìyàwó mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, onídìrí tó wà lẹ́yìn ọjà, níwájú gbogbo èrò níbi ìsìnkú ló ti fi ìka tọ́ mi lójú. Ó ní mo ń tún aago ṣe nígbà tí orí ń fọ́ ẹ̀gbọ́n òun."

"Ṣé irọ́ ni?"

Àwọn aago ń dún. Aláago gbé irin tín-ín-rín kan, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Mo rò pé ẹ̀fọ́rí lásán ni," ni ó wí. "Mo ní kó jẹ́ kí n parí eléyìí." Ó mí kanlẹ̀. "Mo wá búra lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi gbọ́, gbogbo ayé gbọ́. Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe wí i."

Ó tún ìbúra náà wí. Kọ́púrù kọ ọ́ tán, ó fa ìwé náà mọ́ra láti kà á sí i létí, bí òfin ṣe wí. Ó dé ibi ìbúra náà.

"'Mo búra pé... Àná kò gbọ́dọ̀ wọ ilé mi mọ́ láéláé.'"

Kọ́púrù fúnra rẹ̀ gbójú sókè bí ẹni tí kò mọ ẹnu tó fi sọ̀rọ̀.

"Kí lo kà?" ni Baba Akíyèsí bi í wẹ́lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àna ni wọ́n wí. Àna, àwọn ará ilé ìyàwó. Èmi ni mi ò fi àmì sí i. Ta ló ń ráyè fi àmì sórí lẹ́tà, sà?"

"Olùkọ́," ni Baba Akíyèsí wí. Ó dìde. "Aláago, ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ó lè kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i?"

"Òun kẹ̀?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. "Lẹ́tà tí mo fi tọrọ ọwọ́ rẹ̀, bírò pupa ló fi dá a padà fún mi. Ó ní kí n lọ fi àmì sí i, ká tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́."

"Gbogbo ike ẹ̀yìn ló ní àmì. Ti iwájú kò ní ọ̀kan. Kì í ṣe òun ló kọ wọ́n. Tún gbọ́ èyí: nítorí ọ̀la ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sára ohun tí a tọ́jú. Ẹni tó bá kọ 'àná' sí i lónìí, tó bá fi di ọ̀túnla, irọ́ ló ti ń pa. Ọ̀rọ̀ náà yóò ti kan kí wàrà tó kan. Obìnrin tó to fírísà yẹn kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ lò ń fi gbogbo ọkàn retí àná, ìdí nìyẹn tí o fi kà á bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

"Orúkọ ẹni tó ni wàrà. Àna. Onídìrí náà, ṣé ó ní ọmọ ọwọ́?"

Kọ́púrù ló dáhùn. "Ó ní, sà! Òun ló ń dì mí nírun. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ ń gbé." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ìpara tó ń pa gan-an..."

"Ìyá kan ló tọ́ àwọn méjèèjì. Ìpara kan náà ni wọ́n ń pa," ni Baba Akíyèsí wí. "Ṣùgbọ́n onídìrí kò lè pe ara rẹ̀ ní àna. Ẹ̀gbọ́n lòun yóò pe olóògbé, àbúrò ni yóò pe ara rẹ̀. Inú ilé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ àna. Aláago, ènìyàn méjì péré ló lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ ni ọ̀kan."

Aláago yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ti dúró síbẹ̀, ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi."

"Má Màámi mi," ni ìyá náà wí. "Nígbà tí o ní kí wàrà agolo mọ́ ọmọ lára kí ti ìyá rẹ̀ tó tán, ó ń gbẹ lójú mi bí ewé. Bí mo bá sọ fún ọ, wàá ní kí n yan ìbúra rẹ tàbí ilé àna. Mo bá ń tìtorí orúnkún dídùn rìnrìn òwúrọ̀ lọ gba wàrà lọ́wọ́ onídìrí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Á juwọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á padà. Kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ inú ilé rẹ. Ó pa ìbúra rẹ mọ́ jù ọ́ lọ."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa rò pé òkú ni!"

"Ìyàwó rẹ ní ohun tí kò bá lórúkọ kò gbọ́dọ̀ wọ fírísà òun. Mo kọ orúkọ sí i. Ìwọ lo kà á ní àná. Èmi ò kà á fún ọ."

Baba Akíyèsí ló béèrè èyí tó kù.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé e síwájú?"

Ìgboyà ìyá àgbà náà já níbẹ̀. Ó fi etí ìró nu ojú.

"Èyí tó wà lẹ́yìn, bí ìyẹn bá tán, kí ló kù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ọmọ yìí?"

Nílé Baba Akíyèsí, ọṣẹ ìfọṣọ kan wà lórí fèrèsé tí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọdún tó kọjá tí obìnrin náà ti kú, kò tíì fi fọ nǹkan kan.

"Wàrà kì í ṣe fọ́tò, ìyá," ni ó wí níkẹyìn. "Bí a bá tọ́jú u jù, yóò bàjẹ́. Ọmọ kò ní mu ún, iṣẹ́ ẹni tó fún un yóò sì di òfo."

*

Kọ́púrù ló lọ tú ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ọmọ sílẹ̀, òun náà ló sì mú onídìrí wá. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni onídìrí dúró sí, ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òórùn ìpara náà sì wọlé ṣáájú rẹ̀. Aláago gbá ìdí àga mú.

"Mi ò ní wọlé," ni onídìrí wí. "Ẹ ti búra."

Aláago fa ìwé ọlọ́pàá mọ́ra. Ó mú bírò. Ó wá ibi tí Kọ́púrù kọ ANA sí, ó fi àmì kan sórí A àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó wá fi àmì sórí èkejì náà, èyí tó lọ sókè, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà nísàlẹ̀.

"Bí Kọ́púrù ṣe kà á gan-an ni mo ṣe búra," ni ó wí. "Àná ni kò gbọ́dọ̀ wọ ilé mi. Ẹ̀yin, ẹ gba iwájú wọlé."

"Ṣé òfin gba ìyẹn, sà?" ni Kọ́púrù fi ohùn kẹ́lẹ́ bi ọ̀gá rẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," ni Baba Akíyèsí wí.

Onídìrí gba ẹ̀gbẹ́ ilé yípo. Nígbà tó fi máa dé pálọ̀, Aláago ti wà nídìí fírísà. Ó yọ gbogbo ANA kúrò níwájú, ó tò wọ́n sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú èyí tó pẹ́ jù nínú ti ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sínú omi gbígbóná. Wàrà náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń kán lára ike. Ọmọ ti jí, ó ń ké. Aláago da wàrà náà sínú ìgò, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó fi ìgò sí i lẹ́nu, ó sì fi ìka tẹ pílásítà tó bọ́ lára ike náà mọ́ orí tábìlì kí ó lè rí i dáadáa.

"Ìrọ̀lẹ́," ni ó kà fún ọmọ náà. "Ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́bọ̀."

Ọmọ náà ń fà á mu, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà pálọ̀, níbi tí onídìrí dúró sí.